Tíńtì Tí A Lẹ̀ Nítorí Ìyá Mi

Dókítà náà kò béèrè ohun tí ìyá mi ń jẹ, kò sì béèrè irú ọṣẹ tó fi ń wẹ̀. Ó wo etí ọ̀tún rẹ̀, ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó gbé apá ọ̀tún rẹ̀ sún mọ́ iná, lẹ́yìn náà ló wá bi í pé, "Màmá, ẹ̀gbẹ́ wo lẹ máa ń jókòó sí nínú mọ́tò?"

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ọkùnrin náà kàn fẹ́ dá òun lára yá ni. "Ẹ̀yìn ni, lọ́wọ́ ọ̀tún. Ọmọ mi yìí ló ń gbé mi kiri. Ibi tí àwọn ọ̀gá máa ń jókòó sí lèmi náà ń jókòó sí."

Èmi ni ọmọ yìí. Mo dúró sẹ́yìn àga rẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́, inú mi sì ń dùn pé ó dárúkọ ọkọ̀ mi níwájú dókítà. N kò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ mi ni ìbéèrè náà ń bọ̀.

Àfín ni ìyá mi. Bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, kì í fi igbá kan bọ̀kan nínú. Bí àlejò bá wọlé wa, tó ń wò ó tìyanu-tìyanu, á ní, "Àfín ni mí, mo ń jẹ iyọ̀, mo sì ń jẹ ata. Ẹ jókòó ká jẹun." Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi ṣe iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, tó ń tẹ lẹ́tà fún àwọn ọ̀gá. Ojú rẹ̀ kì í ríran jìnnà, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ mọ ibi tí gbogbo lẹ́tà wà lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kò nílò kó wò ó. Nítorí iṣẹ́ yẹn ni wọ́n ṣe fún un ní fúláàtì ní Fẹ́sítáàkì. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni bàbá mi kú sí nígbà tí mo wà ní ilé ìwé girama, ibẹ̀ náà ni èmi àti ìyá mi kù sí, àwa méjì péré.

Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi ń bá oòrùn jà. Tó bá ń jáde, á wọ aṣọ alápá gígùn, á fi ìpara pa ojú àti ọrùn, á dé àkẹtẹ̀, á tún ṣí agbòjò lé gbogbo rẹ̀ lórí. Inú ọkọ̀ nìkan ló ti ń tú ara sílẹ̀. Bó bá ti wọlé, tí mo ti ilẹ̀kùn, á mí kanlẹ̀, á ṣí àkẹtẹ̀ kúrò, á ká apá aṣọ rẹ̀ sókè dé ìgúnpá, á sì gbé apá náà lé etí fèrèsé. Ó gbà pé òun ti bọ́ sábẹ́ òrùlé. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ìdí tí mo fi ra ọkọ̀ náà gan-an nìyẹn, tòkúnbọ̀ tí mo fi ọdún mẹ́ta tu owó rẹ̀ jọ, kí oòrùn má baà máa sun ìyá mi ní ìdúró ọkọ̀ ní Mile 2 mọ́.

Dókítà wá ṣàlàyé. Ó ní gíláàsì iwájú ọkọ̀ ní nǹkan láàárín tó máa ń dá oòrùn dúró díẹ̀, tàwọn ẹ̀gbẹ́ kò ní in. Ẹ̀rọ amúlétutù lè máa fẹ́ sí ènìyàn lára, kí ara rẹ̀ tutù bí omi àmù, síbẹ̀ èyí tó ń jó awọ nínú ìtànṣán oòrùn á máa kọjá wọlé. Ó yíjú sí mi. "Etí òsì wọn mọ́. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó."

Mo wò ó. Etí òsì mọ́ lóòótọ́. Ti ọ̀tún ni àmì wẹẹrẹ-wẹẹrẹ kún, egbò kékeré kan sì wà ní ṣóńṣó rẹ̀ tí a ti ń fi òrí pa fún bí oṣù mẹ́fà, tí kò jinná. Wọ́n gé ibẹ̀ kúrò, wọ́n gbé e lọ yẹ̀ wò. Nígbà tí èsì dé, dókítà ní jẹjẹrẹ awọ ni, irú èyí tó máa ń pa àwọn àfín bí wọ́n bá fojú fò ó, ṣùgbọ́n a tètè dé. Ó ní kí ìyá mi sinmi ìrìn ọ̀sán ná. Bí nǹkan bá kan dandan, kó jáde kí oòrùn tó mú, tàbí lẹ́yìn tó bá ti wọ̀. "Bí òmíràn bá yọ," ó ní, "n ò lè fi dá yín lójú pé a máa tún tètè bá a."

Ó dùn mí wọ egungun. Ọkọ̀ tí mo fi ń ṣakọ láàárín ojúgbà, òun ló ń yan ìyá mi díẹ̀díẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, bí ẹni yan iṣu tí kò yí i padà.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni ìyá mi fi jókòó sílé. Ìyá mi kì í ṣe ẹni tí ilé ń gbà. Kí ó tó di ìgbà yẹn, kò sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí kò sí ní ìpàdé àdúrà àwọn obìnrin, kò sí ọjọ́ Àìkú tí kò kọ́ àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Bí ẹnìkan bá bímọ títí dé Abúlé Adó, ìyá mi á ti gbọ́, á sì ti lọ kí i. Wàyí o, ẹ̀yìn kọ́tìnnì ló ń jókòó sí. Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ilé gbogbo ènìyàn nígbà náà, mo ra ọ̀kan fún un, ó ní òun kò lè máa sọ̀rọ̀ sínú pákó. Nígbà tó yá, kò bi mí mọ́ pé ta ni mo rí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ Sátidé kan mo bá a tó ń di àwọn àwòrán tó fi ń kọ́ àwọn ọmọdé sínú ọ̀rá, ó ní kí n bá òun gbé e fún arábìnrin tó ń gba ipò òun. Kò sunkún. Èmi ni mo lọ sunkún ní kíṣìnnì, mo sì ṣe bí ẹni pé àlùbọ́sà ni. Kò sí àlùbọ́sà nílé wa lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí a padà lọ fún àyẹ̀wò, mo bi dókítà bóyá tíńtì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì ọkọ̀ lè ràn wá lọ́wọ́. Ó ní bí mo bá rí ojúlówó, irú èyí tí wọ́n ṣe láti dá ìtànṣán tó ń jó awọ dúró, ìyá mi lè máa jáde lọ́sàn-án, òun á sì kọ lẹ́tà tí yóò tì í lẹ́yìn.

Ìyá mi kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Lásìkò yẹn, àwọn tí a mọ̀ mọ tíńtì ni àwọn olóṣèlú àti àwọn ọmọ yahoo. Ọkọ̀ tí gíláàsì rẹ̀ dúdú bá wọ kúlóòsì wa, òpópó kékeré tí ilé wa wà, àwọn ìyá á pe ọmọ wọn wọlé.

"Ṣé gbájúẹ̀ ni mí?" ni ìyá mi wí. "Ọmọ iṣẹ́ ìjọba ni mí o."

"Mà, dókítà ló ní ká ṣe é."

"Ṣé dókítà ni ọlọ́pàá? Tíńtì ní ìwé àṣẹ. Tí ìjọba bá fọwọ́ sí i, màá jókòó síbẹ̀. Tí wọn ò bá fọwọ́ sí i, màá jókòó sílé."

Ó mú bébà, ó kọ ìwé tó fi béèrè fún àṣẹ náà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá fúnra rẹ̀. Àkọlé rẹ̀ wà láàárín, ó fàlà sí i nídìí. Ìpínrọ̀ márùn-ún ni. Ó so lẹ́tà dókítà mọ́ ọn, ó ṣe ẹ̀dà mẹ́ta, ó sì ṣí fáìlì tuntun kan fún ọ̀rọ̀ náà, ó kọ nǹkan sára rẹ̀ gàdàgbà-gadagba. Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. Ó ní kí n máa rẹ́rìn-ín, pé ìwé tí kò ní fáìlì, òkú ìwé ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ìwé àṣẹ jáde. Ó fún mi ní fọ́tòkọ́pì rẹ̀ pé kí n fi sínú ọkọ̀, ó sì gbé ojúlówó sínú fáìlì. Ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́ta nìyẹn tí mo rí i tó ń kọrin bó ṣe ń rìn nínú ilé.

Ojú ọ̀nà Ọ̀jọ́ àtijọ́, ní Àgbójú, ni oní-tíńtì tí mo lọ bá wà. Ọkùnrin kan tí yóò ti tó ẹni ogójì ọdún ni, ó máa ń rọra sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń já ẹ̀fọ́. Rọ́ọ̀lù tíńtì bíi mẹ́fà ló tò sí ara ògiri. Ó mú ọ̀kan, ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Oríṣiríṣi ló wà. Èyí tó ń dá oòrùn dúró—"

Ara mi kì í gba àlàyé. Mo ti tọrọ ààyè níbi iṣẹ́, wákàtí méjì péré ni wọ́n fún mi. "Bọ̀dá, ojúlówó ni mo fẹ́, èyí tó dúdú jù. Èyí tí oòrùn ò ní rí ibi gbà."

"Mo mọ̀, ṣùgbọ́n dídúdú—"

"Dúdú ni mo wí."

Ó wò mí, ó mí, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó fi omi ọṣẹ wẹ gíláàsì, ó fi bíléèdì họ gbogbo ìdọ̀tí ibẹ̀, ó lẹ tíńtì mọ́ ọn ní tútù, ó sì ń fi rọ́bà pẹlẹbẹ kan ti omi abẹ́ rẹ̀ jáde láti àárín wá sí etí. Iṣẹ́ náà wù mí í wò. Nígbà tó parí, kò sí ibì kan tó wú. Ó ní kí n má yí gíláàsì sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kí ó lè gbẹ dáadáa. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá sọ òkúta lù ú, gíláàsì náà kò ní fọ́n ká lé wa lórí, tíńtì á dì í mú. Mo ṣe àmín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe àdúrà.

Kí n má purọ́, ọkọ̀ náà di ọkọ̀ mìíràn. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá gbé e sínú oòrùn, tí mo padà wá jókòó, àga á jó mi nítan bí àwo ìrẹsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná. Ìyẹn dópin. Ẹ̀rọ amúlétutù tó ti ń ké bí ẹni ń rọbí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní ìrọ̀rùn. Mo lè fi báàgì sórí àga ní Mile 2 láìfòyà pé ẹnìkan ń wò ó láti ìta. Ṣùgbọ́n kí ni gbogbo ìyẹn jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ Àìkú tí ìyá mi padà sí ṣọ́ọ̀ṣì? Àwọn ọmọdé sáré dì mọ́ ọn, méjì so mọ́ apá rẹ̀, ọ̀kan bi í bóyá ó ti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Arábìnrin tó gba ipò rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló gbé ọ̀rá àwòrán wá, ó ní, "Màmá, ẹ gba ẹrù yín o, àwọn ọmọ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí." Nígbà tí a ń padà lọ́sàn-án, oòrùn ń ràn bí iná, ìyá mi sùn lọ lẹ́yìn mi. Mo ń wò ó nínú díńgí. Ọkàn mi balẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìgbádùn yẹn fi rí bẹ́ẹ̀.

Bàbá kan wà lẹ́nu kúlóòsì wa, afẹ̀yìntì iṣẹ́ ìjọba bíi ti ìyá mi, ṣùgbọ́n ó dàgbà jù ú lọ dáadáa. Gbogbo àárọ̀ ló máa ń jókòó síwájú ilé rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń kọjá láìkí i. Àwa ọmọ tí wọ́n bí sí kúlóòsì yẹn, kí a tó mọ ABD ni a ti mọ̀ pé a gbọ́dọ̀ kí Bàbá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó wọlé wa, kò jókòó.

"Àbúrò mi," ó ní fún ìyá mi, "kí ni mo ṣe yín?"

Ìyá mi kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. "Ẹ̀yin kẹ̀, sà? Ẹ ò ṣe mí ní nǹkan kan."

"Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí ọkọ̀ yín ń gba iwájú mi kọjá. Mo ń juwọ́, mo ń juwọ́, ẹ ò dá mi lóhùn."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, n ò rí yín ni. Gíláàsì yẹn dúdú."

"Ẹ kì í rí mi tẹ́lẹ̀ náà," ni Bàbá wí, "ẹ ṣì máa ń kí mi."

Òótọ́ ló sọ. Ìrìn ẹsẹ̀ àti ohùn ni ìyá mi fi ń dá ènìyàn mọ̀, pẹ̀lú òjìji bí wọ́n ṣe dúró. Ó ti kí pátákó rí ní ojú ọ̀nà, ó ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀, pé ó sàn kí a kí pátákó ju kí a fo ènìyàn dá. Tíńtì dúdú mi ti gba òjìji yẹn lójú rẹ̀, ó sì gba òun náà lójú àwọn ènìyàn. Bàbá lọ. Ìyá mi wà lórí ìkúnlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó dìde.

Láti ọjọ́ kejì ló ti ń yí gíláàsì sílẹ̀. Bí mo bá ti wa ọkọ̀ jáde báyìí, gíláàsì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á ti wálẹ̀. Ó ń kí Bàbá, ó ń kí obìnrin tó ń ta káàdì fóònù, ó ń kí fọkanáísà tó ń lẹ táyà, ó ń kí àwọn tó ń dúró de ọkọ̀, bí a bá sì dé Àgbójú, tí ọjà kún, kò ní yí i sókè mọ́ rárá. Oòrùn ń wọlé wá jókòó tì í. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bá a jà, mo fi etí rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Á ní òun gbọ́. Lọ́la á tún yí i sílẹ̀. Nígbà tí a padà lọ rí dókítà, apá ọ̀tún rẹ̀ ti pọ́n, àmì tuntun méjì sì ti yọ. Dókítà ní kò tíì di nǹkan, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́.

Inú bí mi. Inú mi kì í sì í bí díẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, kí a tó kúrò nílé, mo tẹ bọ́tìnnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, èyí tó máa ń ti gbogbo gíláàsì pa kí ọmọdé má baà fi ṣeré. A dé iwájú ilé Bàbá. Mo gbọ́ bí ìyá mi ṣe tẹ tirẹ̀. Kò ṣí. Ó tún un tẹ̀. Bàbá wà níbẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè. Mo wa ọkọ̀ kọjá.

"Gíláàsì yìí ti bàjẹ́," ni ìyá mi wí.

"Kò bàjẹ́, Mà. Mo tì í ni."

 Ó kọ́ àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì bó ṣe máa ń ṣe, a sì padà dé. Mo pa iná ọkọ̀ níwájú ilé, mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ wá ṣílẹ̀kùn fún un, ó ní kí n jókòó.

"Nígbà tí mo wà ní kékeré," ó ní, "tí àlejò bá ń bọ̀ nílé wa, wọ́n á ní kí n wọ yàrá lọ. Kò sẹ́ni tó lù mí, wọ́n kàn ní kí n wọlé ni. Màá wà níbẹ̀, màá máa gbọ́ bí àlejò ṣe ń kí àwọn ọmọ ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń bi wọ́n nípa ilé ìwé. N ò sí lára wọn. Tí mo bá jáde síta, àwọn mìíràn á wo ẹ̀gbẹ́ kejì kí wọ́n má baà kí mi. Mo kàwé, mo ríṣẹ́, ó ṣì ń ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ tí mo kó dé Fẹ́sítáàkì, ní àárọ̀ kejì, Bàbá yẹn dúró síwájú ilé rẹ̀, ó ní, 'Ẹ káàárọ̀ o, aládùúgbò wa.' Gbangba, lójú gbogbo ènìyàn. Mo dá a lóhùn, mo wọlé, mo sunkún. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti sọ fún Ọlọ́run pé kò sẹ́ni tí màá kọjá tí n ò ní kí." Ó na ọwọ́ sí gíláàsì náà. "Ìwọ wá tì mí mọ́ yàrá."

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lára mi. Mo ní kó má bínú. Ojú tì mí débi pé n kò lè gbórí sókè. Mo ti ń rò pé mo ń gbà á lọ́wọ́ ikú, n kò bi í rí pé kí ló fẹ́ fi ayé tó kù ṣe.

Mo padà sí Àgbójú. Oní-tíńtì gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó mi orí.

"Àǹtí, ohun tí mo fẹ́ sọ lọ́jọ́ yẹn nìyí. Kì í ṣe dídúdú ló ń dá èyí tó ń jó awọ dúró. Àwọn kan wà tó mọ́lẹ̀ gan-an, tẹ́ ẹ máa rí èèyàn nínú ẹ̀, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ó kàn wọ́n díẹ̀ ni, n ó sì ní láti ránṣẹ́ sí i."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ ọ́?" mo bi í, mo sì gbọ́ ara mi bí mo ṣe ń bi í, ẹ̀rín pa mí. Òun náà rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n dé, ó ní kí n mú ìyá mi wá nírọ̀lẹ́, kí oòrùn tó wọ̀ pátápátá. Ó fi bíléèdì àti omi ọṣẹ bó dúdú kúrò lára gíláàsì. Ó wá ń mú tuntun ní oríṣi mẹ́ta, ó ń nà wọ́n sójú fèrèsé níkọ̀ọ̀kan, ìyá mi wà nínú ọkọ̀, èmi wà lọ́ọ̀ọ́kán lójú ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò. Ó ń bi mí bóyá mo rí ojú Màmá, ó ń bi Màmá bóyá wọ́n rí mi. Ní ẹlẹ́ẹ̀kejì, mo rí ìyá mi kedere, mo rí bó ṣe di ojú kan kó lè fi èkejì wò mí.

"Mo rí i," ó ní. "Ó gbọ́wọ́ lé ìbàdí. Bó ṣe máa ń dúró nìyẹn tó bá fẹ́ bínú."

Ó tún sọ nǹkan tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò retí. Ó ní òun ń rí òjìji mi ju bí òun ṣe ń rí i nínú gíláàsì lásán lọ, pé oòrùn tó máa ń gún òun lójú tẹ́lẹ̀ ti rọ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn ni a lẹ̀. Ó ti pẹ́ báyìí, dókítà kò sì tún gé nǹkan kan lára etí yẹn tàbí lára apá yẹn mọ́.

Ṣùgbọ́n ó ku ọ̀kan. Gíláàsì gbọ́dọ̀ wà lókè, ohùn kò sì ní wọlé. Lálẹ́ ọjọ́ tí a lẹ tíńtì tuntun náà, ìyá mi mú mi dání lọ sọ́dọ̀ Bàbá. Kò tíì sọ ọ̀rọ̀ àìsàn náà fún ẹnikẹ́ni ní kúlóòsì. Ó sún mọ́ iná, ó fi etí rẹ̀ hàn Bàbá, ibi tí wọ́n ti gé e. Ó ṣàlàyé oòrùn, ó ṣàlàyé tíńtì, ó ní bí òun bá ń kọjá tí òun kò yí gíláàsì sílẹ̀ mọ́, kí Bàbá jọ̀ọ́ má kà á sí àfojúdi.

Bàbá wo etí náà pẹ́. "Ṣé èmi ni mo ti ń fi ìkíni sun yín níná láti ọjọ́ yìí?" ó ní.

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, sà."

 Bàbá sìn wá dé ẹnu ọ̀nà, ó ní ó dàárọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú a jáde lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní bí aago mẹ́sàn-án. Oòrùn ti mú. Bí mo ṣe yọ sí iwájú ilé Bàbá, mo rí i pé kò jókòó. Ó ti dìde, ó wá dúró sí etí títì gan-an, níbi tí ọkọ̀ máa ń gbà. Ó ṣí fìlà. Ó na apá rẹ̀ tán, ó gbé e sókè téńté, ó sì ń fì í lọ sọ́tùn-ún, ó ń fì í bọ̀ sósì, díẹ̀díẹ̀, kí ẹni tí kò ríran jìnnà lè rí i. Ní gbogbo ọdún tí mo ti mọ ọkùnrin yẹn, n kò rí i kó ṣí fìlà fún ẹnikẹ́ni, àfi tó bá ń gbàdúrà.

Mo dín eré kù. Ọwọ́ ìyá mi ti wà lórí bọ́tìnnì, bó ṣe mọ́ ọn lára. Kò tíì tẹ̀ ẹ́.

"Kí ló ń fì yẹn?"

"Fìlà ni, Mà. Wọ́n ṣí fìlà fún yín."

Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì. Ó sún mọ́ gíláàsì títí iwájú orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, sà," jẹ́jẹ́, bó tilẹ̀ mọ̀ pé Bàbá kò lè gbọ́. Mo rí i tí ẹnu Bàbá ń mì.

"Ó ń rí mi," ni ìyá mi wí.

Mo rọra ń wa ọkọ̀ náà lọ, kí ó lè pẹ́.